Ẹ Dá Ẹ̀rọ Yẹn Dúró

Lọ́dún 2011, mo ba ìwé ètò ìsìnkú kan jẹ́. Ojú ìwé kẹta ni, níbi tí wọ́n ti to àwọn tí màmá olóògbé fi sáyé lọ. Ohun tí àwọn ọmọ kọ fún wa ni pé, “Ó fi ọkọ, ọmọ méje àti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ sáyé lọ.” Ohun tí a tẹ̀, ẹ̀dà 500, lórí bébà tó ń dán bí ojú omi, ni “Ó fi ọkọ̀, ọmọ méje…” Àmì kan ṣoṣo tí kò gùn tó ẹsẹ̀ èèrà ló sọ bàbá ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin di mọ́tò. Wọ́n ní inú ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá ti kà á, tó yíjú sí àkọ́bí rẹ̀, tó bi í pé irú ọkọ̀ wo gan-an ni òun, ṣé dáńfó ni àbí mọ̀lúẹ̀? Àna kan lẹ́yìn níbẹ̀ ti ń béèrè ní kọ̀rọ̀ pé ta ni wọ́n máa gbé ọkọ̀ náà fún. Owó bébà bọ́ sí wa lọ́rùn.

Iṣẹ́ mi ni pé kí irú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀. Púrúùfù ni mo ń kà ní Ṣómólú, lágbègbè Ṣípéolú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé àwọn ọmọléèwé, pósítà olóṣèlú: bí kò bá tibẹ̀ jáde, a jẹ́ pé ó gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni pé èèyàn mẹ́rin ló rí i kó tó jáde. Ọmọbìnrin tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rí i. Èmi rí i. Kọ́sítọ́mà rí i, ó buwọ́ lù ú. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ gbé èyí tó kọ́kọ́ jáde sókè síná, ó ní ó dáa. Ojú mẹ́jọ, afọ́jú ni gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn.

Ẹnì karùn-ún ni kò sí níbẹ̀. Bàbá Dúró la máa ń pè é. Màá padà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ní 2017 ni kókó kan yọ lọ́mú Àǹtí Rẹ̀mí, àbúrò màmá mi. Ẹni ọdún 52 ni wọ́n nígbà yẹn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi ń fi òróró àdúrà pa á kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ni. Ìpàdé ẹbí wáyé nílé bàbá wọn ní Èbúté Mẹ́ta. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì tí bàbá ìyá mi fẹ́, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: “Ohun tó pa ìyá wa ní 1974 náà ló tún wọlé yìí. Ta ló wà nílé yìí nígbà yẹn tó ṣì wà níbẹ̀ di òní?”

Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ìyá Kékeré kò gbójú sókè. Ọwọ́ wọn ni mò ń wò: wọ́n á mú hóró ẹ̀gúsí kan, wọ́n á fi èékánná àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀, èèpo á là, hóró á bọ́ sínú abọ́, èèpo á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún mú òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn títí a fi ṣàdúrà ìparí. Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà yẹn, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ́.

Dókítà tó ń tọ́jú Àǹtí Rẹ̀mí kò béèrè ọ̀tá. Ẹbí ló béèrè. Ta ló tún ṣe irú àìsàn yìí nínú ìdílé yín? Àǹtí dárúkọ ìyá wọn, tí gbogbo ayé ní oówo ọmú ló pa. Màmá mi rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó, obìnrin kan tó kú láìtíì pé ogójì ọdún. Dókítà ń yà á sórí bébà, róbótó fún obìnrin, oníigun mẹ́rin fún ọkùnrin, wọ́n ń fi bíírò kun àwọn tó ṣàìsàn ní dúdú. Wọ́n ní ó yẹ ká yẹ àbùdá Àǹtí wò. Mo ní kí nìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo sọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Kò ní pẹ́ yé yín ju bó ṣe yé àwa lọ.” Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lóru lórí fóònù nìyẹn, nígbà tíná wà àti nígbà tí kò sí.

Bó ṣe yé mi ni mo ṣe ń wí o. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹyọ tíntìntín tí a fi mọ ara wa, ni ìwé kan wà tó ń jẹ́ DNA. Létà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, A, T, G àti C. (Kò sí àmì ohùn níbẹ̀. Orí wọn pé.) Ṣùgbọ́n létà náà tó bílíọ̀nù mẹ́ta, ìdì méjì ló sì wà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Mo ṣe é ní ìṣirò Ṣómólú: bí ojú ìwé kan bá gba létà 3,000, ojú ìwé mílíọ̀nù kan ni ìdì kọ̀ọ̀kan. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó di méjì, ó gbọ́dọ̀ da gbogbo rẹ̀ kọ, láàárín bí i wákàtí mẹ́jọ.

Ẹ́ńsáìmù, òṣìṣẹ́ tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń dà á kọ máa ń ṣi létà bí i ẹyọ kan mú nínú 100,000. Bí mo bá rí ọmọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, owó oṣù ẹ̀ ò ní pẹ́ ju tèmi lọ. Síbẹ̀, nínú bílíọ̀nù mẹ́ta, àṣìkọ 30,000 nìyẹn, ìyẹn ìgbà kan péré tí a da ìwé kọ. Nítorí náà, ẹ́ńsáìmù náà kì í kàn kọ lọ tààrà. Bí létà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ kò bá wọ ihò rẹ̀ dáadáa, á padà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan, á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i. Àwọn mìíràn tún ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí wọ́n ń fọwọ́ ra ìlà náà láti wá ibi tó wú. Paul Modrich ní Amẹ́ríkà lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwọn yẹn nìkan. Nígbà tí gbogbo wọn bá fi máa kà á tán, ohun tó kù kì í ju bí i àṣìkọ kan lọ nínú bílíọ̀nù kan. Mẹ́ta, nínú ojú ìwé mílíọ̀nù kan! Mo gbé fóònù sílẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ojú ń tì mí.

Ìyẹn sì jẹ́ ti àdàkọ nìkan. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn pàápàá ń bàjẹ́. Tomas Lindahl, ọmọ Sweden, ló fi èyí hàn ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọ̀pọ̀ rò pé gbọnin-gbọnin ni DNA wà, pé nǹkan kan kò lè ṣe é. Omi lásán tó wà nínú ara wa ń jẹ ẹ́. Létà C á kàn dédé sọ nǹkan kékeré kan nù lára, á di U, tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì DNA rárá, àfi bí ìgbà tí ẹsẹ̀ abẹ́ “ọ” bá pa rẹ́ tó wá ń pe ara rẹ̀ ní “o”. Irú ìbàjẹ́ báyìí, kékeré àti ńlá, lé ní 10,000 lóòjọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, bí ẹ ti ń jókòó yìí. Lindahl ṣàwárí ẹ́ńsáìmù tó ń wá U yẹn kiri láti yọ ọ́. Ti oòrùn tún yàtọ̀: ó máa ń lẹ T méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn, tí ìlà á wọ́. Àwọn alátùn-únṣe á wá gé apá ibẹ̀ kúrò, wọ́n á tún un hun. Dúdú awọ wa ń gba díẹ̀ lára oòrùn náà sílẹ̀ kó tó débẹ̀; ìdí nìyẹn tí àfín ilẹ̀ wa fi ń ní jẹjẹrẹ awọ tó bẹ́ẹ̀, tí a sì ń rí wọn lọ́sàn-án gangan láìsí fìlà lórí. Aziz Sancar ló tú iṣẹ́ gígé yẹn palẹ̀. Ilé tí bàbá àti ìyá kò ti mọ̀wé ní Tọ́kì ni wọ́n bí i sí, ọmọ mẹ́jọ sì ni wọ́n bí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní 2015. Àwọn tó ń tún àṣìkọ ṣe gbàmì ẹ̀yẹ! Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ó wá kan Bàbá Dúró.

Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Okùn bàtà ni wọ́n fi so gíláàsì ojú wọn mọ́rùn. Wọn kì í tẹ̀wé, wọn kì í ka púrúùfù, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà. Àga onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á dẹ etí sí bí ẹ̀rọ ṣe ń dún. Bí bébà kan bá jáde tí ara wọn kò gbà á, tàbí tí dídún ẹ̀rọ bá yí padà díẹ̀, wọ́n á ké, “Dúró!” Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró nìyẹn. Kọ́sítọ́mà lè máa pariwo pé ọ̀la ni òde òun, wọn ò ní fèsì. Wọ́n á ní kí á tún un ṣe. Bó bá dáa, wọ́n á ní ó yá. Bí wọ́n bá sì rí i pé ó ti kọjá àtúnṣe, wọ́n á ní ká gbé gbogbo ẹ̀ lọ sídìí ọ̀bẹ, ká gé e yánnayànna, kí ẹyọ kan má dé ọjà. Mo rí ọjọ́ tí wọ́n gé bébà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, tí ọ̀gá wa di orí mú.

Nígbà tí ọ̀gá kú, ọmọ wọn gba ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò rí iṣẹ́ tí bàbá yẹn ń ṣe gan-an tí òun fi ń sanwó oṣù. 2010 nìyẹn. Ẹ ti mọ ti 2011.

Nínú sẹ́ẹ̀lì, p53 lorúkọ Bàbá Dúró. Purotéènì kan ni, wọ́n rí i ní 1979, David Lane tó wà lára àwọn tó rí i sì fún un ní oríkì ní 1992: olùṣọ́ jínóòmù, ìyẹn gbogbo ìwé DNA wa. Bí DNA bá kán níbì kan, p53 á pọ̀ sí i, á ní kí pípín dúró, á jẹ́ kí àwọn alátùn-únṣe ráyè. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá àtúnṣe, á ní kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀. Bí kò bá sí lórí àga, àṣìkọ á máa pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì sì lè máa pín láìdúró: jẹjẹrẹ nìyẹn. Ẹ yẹ jẹjẹrẹ ọmọ aráyé wò, nínú bí i ìdajì wọn, p53 ti bàjẹ́. Àwa èèyàn ń gba ẹ̀dà jíìnì rẹ̀ (apá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé DNA) kan lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Erin ń gba bí i 20 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àjànàkú, tí sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì, tó yẹ kí jẹjẹrẹ ti pa run, ṣọ̀wọ́n lẹ́ni tí ń kú irú ikú bẹ́ẹ̀.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà lé Bàbá Dúró kúrò lórí àga. Àṣìkọ lásán lè ṣe é. Ẹ̀pà tó bu àti àgbàdo tí a kò sá gbẹ lè ṣe é: èbu yẹn ń pèsè májèlé kan tó ń jẹ́ aflatoxin, tó bá dénú ẹ̀dọ̀, á lẹ̀ mọ́ G, sẹ́ẹ̀lì á sì ka G sí T, ojú kan náà tó sì fẹ́ràn jù lórí jíìnì p53 ni èyí tí wọ́n ń pè ní 249. Bí ẹni náà bá tún ní mẹ́dọ̀wú B, ewu di ńlá. Gúgúrú àti ẹ̀pà ni oúnjẹ ọ̀sán mi ní Onípanu. Láti ìgbà yẹn, èyí tó bá korò lẹ́nu mi, mo ń tu ú. Ti kòkòrò HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, burú jùyẹn lọ. Kì í ba Bàbá Dúró jẹ́. Ṣe ló ń fi wọ́n lé àwọn tó ń kó ìdọ̀tí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, pé kí wọ́n gbé wọn dànù láàyè. Nígbà tí ìjọba gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé ní oṣù kẹwàá 2023, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, àwọn aládùúgbò ní wọ́n fẹ́ sọ ọmọ wa di àgàn. Ọmọ mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ó sunkún ìṣẹ́jú méjì, ó ní ká ra áísìkiriìmù.

Àyẹ̀wò Àǹtí Rẹ̀mí jáde. BRCA1 ni.

Mary-Claire King, onímọ̀ àbùdá ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn ní 1990 pé orí krómósómù 17, ọ̀kan lára ìdìpọ̀ tí wọ́n pín ìwé DNA sí, ni jíìnì kan wà tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá rìn nínú àwọn ìdílé kan. Ní 1994 ni wọ́n rí jíìnì náà gan-an: BRCA1 yẹn ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí tó le jù nínú gbogbo àtúnṣe: ibi tí okùn DNA méjèèjì ti já lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bébà bá fàya la ọ̀rọ̀ já, tí létà díẹ̀ sì bọ́ sọnù, kí lẹ máa ṣe? Ẹ̀dà kejì lẹ máa wá lọ, kí ẹ fi wo ohun tó wà níbẹ̀. BRCA1 àti BRCA2 wà lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá sí, sẹ́ẹ̀lì á kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu méjèèjì pọ̀ bákan ṣá, ohun tó sọnù ti sọnù, nígbà mìíràn á lẹ ojú ìwé àdúrà mọ́ ti oúnjẹ.

Wọ́n bí Àǹtí pẹ̀lú ẹ̀dà kan tó ti bàjẹ́. Ọdún 52 ni ẹ̀dà kejì, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá wọn, fi ń dá ṣiṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan, nínú sẹ́ẹ̀lì kan lára àìmọye sẹ́ẹ̀lì ọmú, òun náà bàjẹ́. Alfred Knudson, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti fi ojú jẹjẹrẹ ẹyinjú ọmọdé ṣàlàyé irú nǹkan báyìí ní 1971, pé àṣìṣe méjì ló ń gbà. Ẹni tó bá ti jogún àkọ́kọ́, ẹyọ kan ló kù fún un.

Gbogbo èèyàn wa ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọmú, ìdí ìyá ló ti ń wá. Irọ́ ni. Obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn, bàbá rẹ̀ ló gbé e fún un, bàbá tí kò fi ọjọ́ kan ní kókó lọ́mú. Bí màmá mi bá ní in, èmi náà lè ti gbà á, bí ẹni sọ owó ẹyọ sókè, orí tàbí ìdí, kí n sì ti gbé e fún ọmọ tó ń sunkún nítorí abẹ́rẹ́. Màmá mi kọ̀ láti ṣàyẹ̀wò. “Ẹni àádọ́rin ọdún, kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?” Mo ti fèsì lọ́kàn mi tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Mi ò tíì sọ ọ́ jáde.

Ohun tó wúlò fún mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà wá láti Ìbàdàn. Olufunmilayo Olopade, tó ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Chicago, pẹ̀lú King àti àwọn dókítà ilé, yẹ DNA àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 1,000 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò. 2018 ni àbọ̀ ìwádìí náà jáde. Nínú obìnrin mẹ́jọ, ọ̀kan ló jogún tirẹ̀ nípasẹ̀ jíìnì mẹ́rin: BRCA1, BRCA2, PALB2 àti TP53, tó jẹ́ jíìnì Bàbá Dúró fúnra rẹ̀. Ìyá Kékeré kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n màmá mi wo bébà náà, wọ́n yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun, wọ́n ní àwọn òyìnbó náà ní àjẹ́ tiwọn.

Ìtọ́jú gùn, mi ò ní kọ gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ, kímò, ẹ̀rọ ìtànṣán. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú oògùn kímò àti ìtànṣán yẹn, DNA náà ni wọ́n ń já. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣì mọ àtúnṣe á tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tí kò mọ̀ ọ́n á kú. Ìdí irun, tó ń pín lójoojúmọ́, á jìyà láàárín méjèèjì. Dókítà sọ nípa oògùn kan tó ń jẹ́ olaparib, tó ti wà láti 2014: sẹ́ẹ̀lì tí BRCA rẹ̀ ti lọ ń fi ọ̀nà ẹ̀yìn kan tún ara rẹ̀ ṣe, oògùn náà á sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn pa. Àìlera jẹjẹrẹ náà ni wọ́n fi ń mú un. Àǹtí kò lò ó. Wọ́n béèrè iye tó jẹ́, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Wọ́n pé 60 ní ọdún 2025. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe ìwé ètò ìdúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka púrúùfù rẹ̀. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí a ń tẹ̀ ẹ́, irun wọn ti hù padà, funfun ló fi hù. Mo mú ìwé kan lórí ẹ̀rọ, mo gbé e fún wọn. Wọ́n tọrọ lúùpù mi, gíláàsì tó ń sọ létà di ńlá, wọ́n gbé e lé bébà, wọ́n ń fi ojú kan tẹ̀ lé ìlà bí ẹni ń wá iná lórí. Wọ́n dúró. Wọ́n yọ bíírò nínú báàgì, wọ́n yí nǹkan kan po.

“Dèjì, kí lo kọ síbí?”

Mo wò ó. *Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀: Ìyà Kékeré.*

“Èyí tó jẹ wọ́n nílé yẹn ò tíì tó ni?”

Ẹ̀rọ ṣì ń dún lẹ́yìn wa. Àga onígi yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bébà la fi ń dí i báyìí. Mo sáré lọ síbẹ̀, mo ń kígbe kí n tó débẹ̀. Mọ́kànlélógójì ló ti jáde. A gbé gbogbo ẹ̀ lọ sídìí ọ̀bẹ.